Láti Oko Àáró dé Ojú Òpó Ayélujára

Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ń ki ara wọn ní ọmọ Lísàbí kò jẹ́ gbàgbé pé inú oko ni òmìnira wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, tẹ̀dó káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ gàba lórí onílé, Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà kò pe ẹnikẹ́ni sí ogun. Àáró ni ó pè wọ́n sí. Ó bá wọn ro tiwọn tọkàntọkàn, wọ́n bá a ro tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà ń tàn láti ìlú dé ìlú, àwọn ìlàrí kò sì fura, nítorí kí ni ó burú nínú kí àgbẹ̀ máa bá àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ro oko? Ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn délé dóko, tí oníkálùkù ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ lè dúró sí nínú, ni Lísàbí tó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wọn, tí Ẹgbẹ́ Àáró di Ẹgbẹ́ Olórógun, tí Ẹ̀gbá sì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú rẹ̀: ìfọkàntán ni ó kọ́kọ́ dé, kí ìpè tó dé. Nínú àáró àti ọ̀wẹ̀, àti nínú èésú tí Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ojú ni ó ń rí ojú. Ẹni tí a ti bá ro tirẹ̀ tán tí kò yọjú sí oko ẹlòmíràn, gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ ọ́n. Olórí èésú tí ó bá sì ná owó ẹgbẹ́ ní ìnákúnàá, ọ̀nà wo ni yóò gbà kọjá lọ́jọ́ ọjà? Ṣùgbọ́n àwọn tí ń pàdé lórí Facebook tàbí Twitter, tí ó ti di X báyìí, kò mọ ilé ara wọn, wọn kò mọ orúkọ baba ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní í fojú kan ara wọn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ìtàn bí a ṣe ń lo àwọn ojú òpó wọ̀nyí fún iṣẹ́ rere, ìtàn bí àjèjì ṣe kọ́ láti fọkàn tán àjèjì ni.

Ní ti ìpè fúnra rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ ti ń yí padà. Agogo akéde kò lè dún kọjá ibi tí etí ìlú kan mọ. Nígbà tí míṣọ́nárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọ̀rọ̀ di ohun tí a lè ká sápò rékọjá odò. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, ojú bá etí kẹ́gbẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni ọ̀rọ̀. Ti àwa yòókù ni kí a tẹ́tí. Fóònù GSM tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001 ni ó kọ́kọ́ fi agogo lé mẹ̀kúnnù lọ́wọ́, nígbà tí Facebook sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí Twitter tẹ̀ lé e ní 2006, tí WhatsApp dé ní 2009, agogo náà di èyí tí a ń lù ní Ìkòròdú tí wọ́n ń gbọ́ ní London àti ní Houston, kí ẹni tí ń lù ú tó sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀.

Àmì kékeré kan wà tí kò yẹ kí a fò dá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2007, ará Amẹ́ríkà kan, Chris Messina, dábàá lórí Twitter pé kí a máa fi àmì # ṣíwájú ọ̀rọ̀ tí a bá ń jíròrò, kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè rí ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, nígbà tí iná igbó ń jó ní San Diego, àwọn ará ìlú fi àmì yìí sọ ibi tí iná dé fún ara wọn. Ní oṣù kìíní 2008, tí ìjà ìbò ba ilẹ̀ Kẹ́ńyà jẹ́, Ory Okolloh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ushahidi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Swahili tí ó túmọ̀ sí ẹ̀rí, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù lè fi ohun tí ojú rẹ̀ rí ránṣẹ́, kí a sì tò ó sórí àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní 2010, tí ilé wó lu ènìyàn lọ́pọ̀ yanturu, irinṣẹ́ yìí kan náà ni a fi mọ ibi tí igbe ti ń wá. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ oní dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá dá owó tí ó ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ fún ẹgbẹ́ Red Cross.

Ní Nàìjíríà, oṣù kìíní 2012 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí agbára yìí lójúkojú, nígbà tí ìjọba gbé owó epo bẹntiróòlù láti 65 náírà dé 141, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti orí ayélujára bọ́ sí ìgboro títí owó náà fi padà sí 97. Ìwọ́de nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ọ̀rọ̀ Bagega, nítorí n kò mọ èyí tí ó fi ọ̀nà han ni jù ú lọ.

Abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara ni Bagega. Wúrà ni àwọn tálákà agbègbè náà ń wà. Wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wá sílé láti fọ́ ọ, láti lọ̀ ọ́, wọn kò sì mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà, àti pé eruku rẹ̀ ń balẹ̀ sínú oúnjẹ, sórí ẹní, sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí ń rákò. Ní 2010, nígbà tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń kú bí ẹni pé ikú ń ká wọn bí èso. Àwọn tí májèlé náà pa ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn ju 400 lọ. A fọ ilẹ̀ abúlé méje mọ́, ó ku Bagega tí ó tóbi jù. A kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ ibẹ̀, tí wọ́n tó bí 1,500, nítorí oògùn wo ni yóò ṣiṣẹ́ lára ọmọ tí yóò padà lọ sùn lórí májèlé? Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 850 mílíọ̀nù náírà; oṣù ń gorí oṣù, owó kò jáde.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì, Hamzat Lawal àti Oludotun Babayemi, ti gbé iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Follow the Money kalẹ̀, èyí ni pé kí a máa tọ ipasẹ̀ owó bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Wọ́n lọ sí abúlé náà, wọ́n mú àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ibẹ̀ wá, wọ́n sì fi #SaveBagega ké e sí etí ayé lórí Twitter. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013 owó jáde, ní oṣù kejì iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún náà kò sì tán kí ilẹ̀ Bagega tó mọ́, tí àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé wọn kò ká ẹní wọn nígbà tí owó jáde. Wọ́n ṣì ń bèèrè ibi tí ó wọlẹ̀ sí, wọ́n sì ń sọ èsì rẹ̀ fún àwọn tí ó bá wọn ké e. Agogo kì í ro oko; ẹsẹ̀ tí ó bá rin dé oko ni ó ń ro ó.

Ọdún 2014 fi èyí hàn wá ní ọ̀nà méjì tí ó korò. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, àwọn apániláyà kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno. 57 nínú wọn sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí #BringBackOurGirls gba ayé kan, tí ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà pàápàá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sókè nínú àwòrán. Nígbà tí ó yá, ayé gbàgbé. Àwọn tí kò gbàgbé ni àwọn tí Oby Ezekwesili, mínísítà tẹ́lẹ̀ rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní Àbújá, tí wọ́n ń jókòó ní gbangba lójoojúmọ́ nínú òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kí a má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ 21 padà dé ní oṣù kẹwàá 2016, 82 tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún 2017. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pé ọdún mẹ́wàá, àwọn tí kò tíì padà ṣì ju 80 lọ, àwọn ìyá sì wà tí ń wo ọ̀nà.

Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, àrùn Ebola bá bàlúù wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh, akọni obìnrin tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tí ó gbé àrùn náà wọlé kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé ìwòsàn, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà fún wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù gbogbo, pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìfẹ́ ni a fi ń fi í ránṣẹ́: ìyá ń jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò láàjìn. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti ipa omi iyọ̀ náà kú ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣègùn ọ̀dọ́ gba orí ojú òpó kan náà láti já irọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó parí iṣẹ́: ènìyàn 894 tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn ni a wá kàn nílé wọn, ìbẹ̀wò tí a ṣe sí wọn sì tó 18,500. Ogún ènìyàn péré ni àrùn náà mú, mẹ́jọ kú, a sì bọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá.

Ta wá ni àjèjì yóò fi owó rẹ̀ lé lọ́wọ́? Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ní oṣù keje 2020 ni àwọn bíi Odunayo Eweniyi àti Damilola Odufuwa dá Feminist Coalition sílẹ̀. Nígbà tí EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, gbóná ní oṣù kẹwàá, àwọn ni wọ́n ń gba owó láti ilé àti ẹ̀yìn odi fún oúnjẹ, fún owó ilé ìwòsàn, fún agbẹjọ́rò tí yóò gba ẹni tí a tì mọ́lé sílẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ ti àpò owó wọn, wọ́n yí sí Bitcoin. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí gbangba, kí ẹni tí ó dá ẹgbẹ̀rún náírà rí i bí ẹni tí ó dá mílíọ̀nù. Owó tí ó wọlé ju mílíọ̀nù 147 náírà lọ, nígbà tí àwọn ológun sì yìnbọn sí àwọn tí ń wọ́de ní Lekki ní Èkó ní ọjọ́ 20, wọ́n dáwọ́ gbígba owó dúró láìpẹ́, wọ́n ṣírò èyí tí ó kù, wọ́n sì sọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ìṣirò ojoojúmọ́ yìí, lójú tèmi, ni ó rọ́pò ojú tí ń rí ojú nínú àáró. Ìjọba ti Twitter pa ní oṣù kẹfà 2021, kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní 2022. Mo gbà pé a kì í ti ilẹ̀kùn tí kò já mọ́ nǹkan.

Kì í ṣe ìgbà ìjà nìkan ni agogo yìí ń dún. Tunde Onakoya, ọmọ Ìkòròdú, bẹ̀rẹ̀ Chess in Slums ní 2018, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Makoko àti ti abẹ́ afárá Òṣòdì ní ayò chess, ó sì ń fi wọ́n han ayé lórí ojú òpó, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹnu wọn, títí àwọn tí kò dé Makoko rí fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin 2024, ó jókòó sí Times Square ní New York pẹ̀lú Shawn Martinez, wọ́n sì ta ayò fún ọgọ́ta wákàtí, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìsinmi wákàtí kọ̀ọ̀kan. Owó tí àwọn ènìyàn dá fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà nítorí rẹ̀ kọjá 100,000 dọ́là. Nínú ọ̀wẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ni oko ni ó ń se oúnjẹ de àwọn tí ó pè. Ní New York, nínú òtútù alẹ́, àwọn tí a pè ni wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá fún ẹni tí ó ni oko, wọ́n sì dúró tì í tìlù tìlù títí ilẹ̀ fi mọ́.