Àwọn Ọmọ Akọrin Tí A Lé Lọ

Ní 2007, Timi Dakolo gbégbá orókè ní Idols West Africa, Omawumi ṣe ìkejì. Ní 2008, Iyanya gba Project Fame àkọ́kọ́. Chidinma gba tirẹ̀ ní 2010. Ní Ìbà Estate níbí, àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa náà fẹ́ lọ dán an wò. Àwa pásítọ̀ ní ayé ni wọ́n ń bá lọ. Àwọn kan bínú kúrò ní ìjọ.

Ṣùgbọ́n ní 2021, Chidinma fúnra rẹ̀ kéde pé orin ìhìnrere lòun á máa kọ. Ẹ ò rí i pé a ti yá jù láti dájọ́?

Ẹ̀yin òbí, àdúrà ni kẹ́ ẹ fi sin ọmọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ bínú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá. Ẹ padà wálé, àyè yín ṣì wà.