Tíṣà Wa, àti Àwa Tí A Jọ Kàwé

Ẹ̀yin ará ìlú wa, àwọn àgbà a máa wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, àwa méje tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà tún fojú kan ara wa lẹ́yìn ogójì ọdún. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, a bèèrè Tíṣà tí ó kọ́ wa ní Ìwé Kẹfà. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó mọ orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n. "Tíṣà" nìkan ni a mọ̀. A lọ wo ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Ikán ti jẹ ẹ́. Ìtìjú yìí ni ó mú mi kọ ìtàn yìí.

Bí a bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní Èkìtì, orúkọ àwọn kan kì í parẹ́. Ní ọdún 1933, Archdeacon Henry Dallimore dá Ekiti Central School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ogun Kírìjì parí ní 1893. Àwọn kan tí wọ́n gbé ìbọn nínú rẹ̀ kò tíì kú tán nígbà náà. Ní 1936, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí orí òkè Agídímọ̀, ó sì di Christ's School. Canon Leslie Mason ṣe ọ̀gá ibẹ̀ láti 1948 di 1966. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ó gba ipò náà ti di géńdé kí ó tó fi í sílẹ̀. Inú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ́lé, gbà kọjá kí ó tó lọ sí Igbobi College. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akintoye àti Niyi Osundare, akéwì ọmọ Ìkéré, náà ti kàwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kò jẹ́ kí orúkọ àwọn ọ̀gá wọn kú.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dárúkọ àwọn tíṣà ìlú kéékèèké? Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lé ní 800,000 ní ọdún náà, olùkọ́ kò sì tó. Kíá ni a kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Tíṣà wa. Wọn kì í ṣe ọmọ ìlú wa. A gbé wọn wá láti ibòmíràn, a sì tún gbé wọn lọ.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ mú mi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí n lè máa ṣe iṣẹ́ oko, Tíṣà tọ̀ wá wá sí oko kòkó. Wọn kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n bá wa fọ́ kòkó títí oòrùn fi ń wọ̀, kí wọ́n tó sọ ohun tí ó gbé wọn wá. Bàbá mi dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Ẹ máa mú un lọ." Bí kò bá sí ọjọ́ náà, èmi kọ́ ni yóò máa kọ ìwé yìí sí yín. N kò sì lọ kí wọn rí lẹ́yìn tí mo di olùkọ́. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Nítorí náà, mo bẹ Ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí a ní ìwé kan tí a óò máa kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí sí, kí àwọn tí wọ́n rántí wọn tó lọ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ orúkọ Tíṣà wa, kí ó jọ̀wọ́ sọ ọ́ fún Akọ̀wé. Àwa méje ń dúró láti gbọ́ ọ.