Oògùn Gbogboǹṣe àti Òǹtẹ̀ Ìjọba

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àìmọ̀wé ló ń sún èèyàn ra oògùn gbogboǹṣe. Ìtàn Èkó kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Láyé Ọbabìnrin Victoria, inú ìwé ìròyìn ni ìpolówó irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń bá àwọn ará Èkó, nínú àwọn bíi Lagos Observer tó bẹ̀rẹ̀ ní 1882 àti Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone dé, akọ̀wé, oníṣòwò àti àlùfáà ló ń kà wọ́n, àwọn tí ìwé yé jù nílùú. Ohun tó mú irú wọn, lójú tèmi, ni pé oògùn ọ̀hún kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ẹ wo Thomas Holloway ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpara ní 1837, tó sì fi oògùn oníhóró kún un láìpẹ́. Ó polówó wọn káàkiri ayé débi pé owó ibẹ̀ ló fi kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tí Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ wá ṣí ní 1886. Oògùn oníhóró ti Beecham, oníṣòwò mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà tà wìtìwìtì. Ní 1909, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí rẹ̀: oje aloe gbígbẹ, atalẹ̀ àti ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́, ọṣẹ! Páálí oníhóró 56 ń lọ ní ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan ààbọ̀. Owó èròjà inú rẹ̀ kò tó ààbọ̀ kọ́bọ̀. Àmọ́ aloe kì í ṣeré. Ẹni tó bá gbé e mì lálẹ́, ṣáláńgá á jẹ́rìí sí i láàárọ̀. Ẹni tí wọ́n sì ti ń fún ní àgbo jẹ́dí-jẹ́dí láti kékeré ti gbà pé bí inú bá ti mọ́, ara á yá. Kò ṣòro fún un láti gbà pé ẹ̀dọ̀ àti orí náà á gbádùn.

Ẹnìkan lè ní àìsí dókítà ló fà á. Lóòótọ́, àwọn bíi Obadiah Johnson àti John Randle kò pọ̀ l'Ékòó nígbà náà. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù kún fún dókítà, oògùn yìí sì tà níbẹ̀ bí omi. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ ni òǹtẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí. Owó orí lásán ni òǹtẹ̀ ọ̀hún wà fún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kà á sí ẹ̀rí pé ìjọba fọwọ́ sí oògùn náà.

Lóde òní, nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ òǹtẹ̀ yẹn, nítorí àjọ náà ń yẹ ọjà wò. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń ná Bàrúwà sí Ìyànà-Ìpájà l'Ékòó, nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó ń ta àgbo ń pariwo. Kì í ka ìlà kékeré tó máa ń wà lára igò àgbo, tó ní NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń wò sàn.