Òǹkà Oúnjẹ Lẹ́bàá Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn

Kí ọ̀rọ̀ kálórì tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ará ìgbèríko tí Arepo, Mowe àti Ọ̀fadà wà ti ń ka oúnjẹ, ṣùgbọ́n nítorí kí ó lè kárí ilé ni wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń kà ní ẹyọ, gàrí àti ìrẹsì ni wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n. Wọn kì í kà á kí wọ́n lè fọ́n, nítorí ẹni tí ó bá rù, àìsàn tàbí ìṣẹ́ ni aládùúgbò kọ́kọ́ máa ń rò sí i. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀, àfi kí ó jẹ́ pé ààwẹ̀ ni ó ń gbà.

Kálórì jẹ́ òṣùwọ̀n ooru, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Nicolas Clément ti ń lò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Paris láàárín ọdún 1819 sí 1824, nígbà tí ó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ń fi ooru ṣiṣẹ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Wilbur Atwater ti Yunifásítì Wesleyan ní Amẹ́ríkà ti ènìyàn mọ́ inú yàrá kan tí ó ń wọn ooru ara. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣirò tí a ṣì ń lò ti wá: gírámù 1 oúnjẹ afáralókun tàbí ti amúaradàgbà ní kálórì 4, ti ọ̀rá ní 9. Ní 1918, dókítà obìnrin kan, Lulu Hunt Peters, fi òǹkà yìí kọ ìwé fún àwọn tí ó fẹ́ fọ́n. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí kálórì tí ń wọlé kéré sí èyí tí ara ń ná, kí ara lè máa jó ọ̀rá tí ó ti tọ́jú.

Ní Nàìjíríà, òdì kejì ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Nígbà tí olùwádìí B. M. Nicol kọ̀wé ní 1959 lórí kálórì tí àgbẹ̀ Nàìjíríà nílò, bí oúnjẹ ṣe tó ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, kì í ṣe bí ó ṣe pọ̀ jù.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni ìwádìí kan tí ó yẹ kí a dúró tì jáde, ní 2009. Olùwádìí Amy Luke àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn obìnrin agbègbè Ìgbò-Ọrà, àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Maywood lẹ́bàá Chicago, ní omi tí a sàmì sí èròjà inú rẹ̀, kí wọ́n lè fi bí ó ṣe ń jáde nínú ìtọ̀ mọ iye kálórì tí ara ń ná. Ìdajì àwọn ti Maywood ni ó sanra kọjá ààlà. Ti Ìgbò-Ọrà kò tó 1 nínú 10. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn, iye kálórì tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ ara kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kan ń ná púpọ̀ kò dín bí ó ṣe ń sanra lẹ́yìn náà kù. Àwo oúnjẹ, ju iṣẹ́ oko lọ, ni èyí darí ojú sí.

Àwo náà ni ó ṣòro kà ní Arepo, tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ti kún láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ti mú un súnmọ́ ìlú ńlá. Ṣíbí ìrẹsì rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí olóúnjẹ bá bu ọbẹ̀ ayamase lé ìrẹsì Ọ̀fadà nínú ewé, epo á ṣàn dé etí ewé. Ṣíbí ńlá 1 epo yẹn, gírámù bíi 14, ní kálórì bíi 126, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 100 gírámù ìrẹsì sísè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ dọ́gba.