Àgbo Ẹkùn Funfun àti Àrùn Ọpọlọ ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ní ọdún 1954, òjò ńlá rọ̀ ní àríwá ilẹ̀ Ṣáínà, omi sì dúró sí oko àti sí ẹ̀yìnkùlé ní ìpínlẹ̀ Hebei. Kò pẹ́ tí àrùn kan fi bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Shijiazhuang, èyí tí ó dojú kọ àwọn ọmọdé ju àgbà lọ. Ara ọmọ a máa gbóná bí iná, orí a máa fọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ a le gan-an, gìrì a sì gbé e, títí kò fi ní dá ìyá tí ó bí i mọ̀ mọ́.

Àrùn náà kì í ṣe àjèjì ní apá ìlà-oòrùn Éṣíà. Ní ọdún 1924 ó kọlu ènìyàn tí ó ju 6,000 lọ ní ilẹ̀ Japan, orúkọ ilẹ̀ náà ni àwọn oníṣègùn sì fi ń pè é títí di òní: àrùn ọpọlọ ti Japan. Ní ọdún 1935 ni àwọn onímọ̀ rí kòkòrò rẹ̀ yọ láti inú ọpọlọ ẹni tí ó kú nínú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni, ìyẹn kòkòrò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò tí a fi ń wo kòkòrò mìíràn kò lè fi í hàn. Ẹ̀fọn tí ń yé sínú omi oko ìrẹsì ni ó ń gbé e kiri; ó ń gbà á lára ẹlẹ́dẹ̀ àti lára àwọn ẹyẹ etí omi, ó sì ń gbé e fún ènìyàn. Ìbátan ni òun àti fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí a kọ́kọ́ rí mú ní ọdún 1927 nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò ti ilẹ̀ Japan yìí bá wọ̀ lára kì í tilẹ̀ mọ̀. Nínú 250, bóyá ẹnì kan ni yóò dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú 100 tí ó bá wọ ọpọlọ wọn, ó lè pa tó 30, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá sì yè é ni yóò rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n má lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan wà ní Shijiazhuang nígbà náà, Guo Keming ni orúkọ rẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni ó padà lọ wò, ó sì mú àgbo kan jáde tí Zhang Zhongjing ti kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ẹkùn Funfun ni orúkọ àgbo náà. Nínú àṣà àwọn ará Ṣáínà, ẹkùn funfun ni ó ń ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn, òun ni ó sì ń mú afẹ́fẹ́ tútù wá nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń jó bí iná kò sì nílò ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń sè pọ̀: òkúta funfun tí a fi ń ṣe ẹfun tí wọ́n fi ń di egungun tí ó ṣẹ́, gbòǹgbò zhimu, gbòǹgbò dídùn kan tí wọ́n ń pè ní gancao, àti ìrẹsì. Òkúta náà ni Guo bù lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìròyìn tàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mu àgbo náà ni ó dìde. Ìjọba, tí ó ń fẹ́ nígbà náà kí ìṣègùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó máa rìn pọ̀, rán àwọn olùwádìí lọ síbẹ̀ ní ọdún 1955, wọ́n sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn náà dé Beijing ní ọdún 1956, àgbo kan náà kò jẹ́ bí wọ́n ti rò. Pu Fuzhou, àgbà oníṣègùn, wí pé ooru gbígbẹ ni ti Shijiazhuang, ooru ọ̀rinrin ni ti Beijing. Ó sì yí egbòogi náà padà.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti pín sí méjì. Lójú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ọgbọ́n ni ohun tí Pu ṣe, nítorí kì í ṣe orúkọ àrùn nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ojú ọjọ́ àti ara aláìsàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àrùn tí àádọ́rin ènìyàn nínú 100 lè yè láìlo oògùn kan pàtó kò ṣeé fi ẹnu lásán sọ pé àgbo ni ó wò ó, àfi bí a bá kó àwọn tí ó mu ún àti àwọn tí kò mu ún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a sì kà wọ́n. A kò ka àwọn ọmọ Shijiazhuang bẹ́ẹ̀. Èyí kò sọ Guo di òpùrọ́. Ó kàn fi í sí ipò ẹlẹ́rìí tí ó rí apá kan.

Gbòǹgbò dídùn inú àgbo náà kò ṣàìní agbára. Ní ọdún 1979, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ítálì fi hàn pé èròjà kan láti inú rẹ̀ ń dí oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àtipọ̀ sí i nínú ìgò. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà fún àwọn eku tí àrùn ọpọlọ ti Japan ń ṣe ní arctigenin, èròjà tí a ń rí nínú ewéko mìíràn tí àwọn ará Ṣáínà ń lò. Ó sì dáàbò bo àwọn eku náà. Ìgò kì í ṣe eku, eku kì í sì í ṣe ènìyàn. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èròjà kọjá, ìbáà jẹ́ májèlé tàbí oògùn; kí aláìsàn sì tó dé ilé ìwòsàn, kòkòrò ti lè ba nǹkan jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kì í ṣe ewé nìkan ni ó kọsẹ̀ níbẹ̀. Interferon, tí kì í ṣe oògùn igbó rárá, tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì ti gbẹ́kẹ̀ lé, ni a dán wò lára àwọn ọmọ Vietnam pẹ̀lú ìkàyé tí ó yẹ; ìròyìn ọdún 2003 sì sọ pé kò ṣe wọ́n ní àǹfààní.

Títí di òní, kò sí oògùn tí a ti fi ẹ̀rí gbè pé ó ń pa kòkòrò náà nínú ọpọlọ. Gìrì ni àwọn oníṣègùn ń dá dúró, ọpọlọ tí ó wú ni wọ́n sì ń tọ́jú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó dín ikú kù. Èyí tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ṣe, tí wọ́n ń pè ní SA 14-14-2, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1988. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún lílò ní ilẹ̀ mìíràn ní ọdún 2013, àwọn ọmọ oṣù mẹ́jọ sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gún un fún ní Ṣáínà.