Ògbufọ̀ Ojú Wáyà

Nítorí ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe ta wáyà tẹlifóònù; òdo àti oókan nìkan ni èdè kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò ṣe ògbufọ̀? Módẹ́ẹ̀mù ni. Bí onídùndún ti ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pe orúkọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ oókan di ohùn tí ó ròkè, òdo di èyí tí ó rẹlẹ̀. Èkejì rẹ̀ a sì túmọ̀ rẹ̀ padà.

Ní 1962, ilé-iṣẹ́ AT&T ní Amẹ́ríkà gbé Bell 103 jáde, tí ń fi àmì 300 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí oníbàárà so ẹ̀rọ ẹlòmíràn mọ́ wáyà wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn kan ń gbé ohun tí à ń fi sétí lára tẹlifóònù lé orí ihò rọ́bà méjì, kí módẹ́ẹ̀mù lè máa ké sí i bí ènìyàn.

Thomas Carter, ará Texas, tí ń ta ẹ̀rọ tí ó so rédíò pọ̀ mọ́ tẹlifóònù, pe AT&T lẹ́jọ́. Ní 1968, àjọ ìjọba dá a láre. Nígbà tí ó di 1981, Hayes Smartmodem ń so mọ́ wáyà tààrà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì ń pe nọ́ńbà.

Ọgbọ́n ló ṣe ẹ̀rọ. Ìdájọ́ ló ṣí ọ̀nà fún un.