Wọ́n ka èèyàn márùn-ún, wọ́n gbàgbé ìyá onílé

Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹ̀pà dání. Ìtàn ìyá arúgbó kan ni mo fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kò lọ́kọ, kò bímọ, àmọ́ kò sí apààyàn tó ráyè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Miss Marple lorúkọ ẹ̀. Agatha Christie ló kọ ọ́.

December 1927 ló kọ́kọ́ yọjú, nínú ìtàn kúkúrú kan, The Tuesday Night Club. Àwọn àlejò jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ ní abúlé St Mary Mead. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀, àlùfáà náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní káwọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí kálukú máa sọ ìtàn ọ̀ràn kan tó ta kókó. Ọmọge kan wá ka orí àwọn tó wà níjokòó. Ó ka márùn-ún, ó ní ì bá dáa kó pé mẹ́fà.

Ìyá tó ń hun òwú jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló ní wọ́n ti gbàgbé òun. Nínú ilé tiẹ̀ o!

Wọ́n tún ní kó mú ọ̀ràn tiẹ̀ wá, ó ní aládùúgbò òun kan ra edé lọ́jà, ó délé, kò rí edé mọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá fi dá àpárá. Nígbà tí ilẹ̀ máa ṣú, òun nìkan ló rí ìdí ọ̀ràn tí ọ̀gá ọlọ́pàá mú wá.

Ibo ni ìyá yìí ti wá? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 1926, Christie gbé The Murder of Roger Ackroyd jáde. Caroline wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n dókítà abúlé. Caroline kì í jáde nílé, àmọ́ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, ìròyìn gbogbo abúlé ti wà lọ́wọ́ ẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀ sọ fún un, ẹni tó ń gbé mílíìkì kiri sọ fún un. Àmẹ̀bo pátápátá! Christie fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Nígbà tí Michael Morton wá sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé, Alibi, tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní May 1928, ó yọ Caroline kúrò. Ó fi ọmọge kan rọ́pò ẹ̀. Inú bí Christie. Nígbà tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara ẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti yọ Caroline yẹn ni wọ́n ti bí Miss Marple. (Tẹ́ ẹ bá wo déètì méjèèjì dáadáa, ẹ máa rí i pé Marple ti jáde nínú ìwé kí eré náà tó dé orí ìtàgé. Àmọ́ mo gbà á gbọ́ nípa ohun tó dùn ún.) Ó tún ní ìyá kan wà nínú ẹbí òun tí ọkàn ẹ̀ máa ń sọ ohun tó burú jù nípa gbogbo èèyàn, tó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju Caroline lọ ṣá. Ogun Àgbáyé Kìíní ti pa àwọn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 700,000. Nígbà tí wọ́n ka orí èèyàn lọ́dún 1921, àwọn obìnrin fi iye tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn ìwé ìròyìn fún wọn: obìnrin àṣẹ́kù. Bíi ọbẹ̀ àná! Èmi tí àwọn àǹtí mi ń bi pé ìgbà wo làwọn máa jẹ ráìsì, mo ka ìyẹn, mo kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Dorothy L. Sayers ò fi ṣàwàdà. Nínú Unnatural Death, 1927 náà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ẹ̀ gba Miss Climpson síṣẹ́, obìnrin tí kò lọ́kọ, kó lọ máa wádìí ọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba ń fi irú wọn ṣòfò.

Ẹ̀rín ni Christie fi ṣe tiẹ̀. Ẹ ka The Murder at the Vicarage, 1930. Àlùfáà ló ń sọ ìtàn. Nídìí oúnjẹ, ó ní ẹni tó bá pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Protheroe ti ṣe aráyé lóore. Kò pẹ́, òkú Kọ́nẹ́ẹ̀lì nìyẹn nínú yàrá ìkàwé àlùfáà. Aago tó wà nídìí òkú máa ń fi ìṣẹ́jú 15 sáré, àlùfáà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má bàa pẹ́ lẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ fún Inspector Slack. Slack ò gbọ́. Ó tún gbìyànjú, Slack ní ọwọ́ òun dí.

Ní ilé kejì, Miss Marple ń tọ́jú òdòdó. Ó ní awò tó fi ń wo ẹyẹ, àmọ́ ẹyẹ nìkan kọ́ ló ń rí. Ó ní, ó kéré tán, èèyàn méje lòun lè fura sí. Mi ò ní sọ fún yín, ẹ lọ kà á.

Nígbà tó di December 1949, wọ́n gbé ìwé yìí náà dé orí ìtàgé ní London. Wọn ò yọ ìyá arúgbó náà kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Barbara Mullen ló ṣe é.

Ọmọ ọdún 35 ni.